Ẹsẹ̀ Tó Ń Jí Lálẹ́: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Dókítà Àbújá

Ẹ̀yin dókítà wa, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tẹ́ ẹ wà láwọn ilé ìwòsàn Àbújá, láti Kubwa dé Gwagwalada, láti Nyanya dé Lugbe,

Àsàlámù àlékúmù. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ọ̀pọ̀ èrò. Mo mọ bí àwọn èèyàn ṣe máa ń tò síwájú yàrá yín láti ìdájí, torí ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wà lára wọn. Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi lẹ́tà yìí bẹ̀ yín. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín, tó ní ẹsẹ̀ ò jẹ́ kóun sùn, ìbéèrè mẹ́rin péré ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi í, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá àrùn ẹsẹ̀ tí kì í sinmi ló ń ṣe é. Kò ní gbà tó ìṣẹ́jú méjì lọ́wọ́ yín. Èmi fi ọdún mẹ́sàn-án wá ẹni tó máa bi mí.

Aránṣọ ni mí, ọmọ Ìlọrin. Láti ọdún 2006 ni mo ti wà ní Kubwa, ṣọ́ọ̀bù mi ò sì jìnnà sí kámpù àwọn àgùnbánirọ̀. Ẹni tó mọ àdúgbò wa mọ̀ pé tí wọ́n bá ti kó àwọn ọmọ yẹn dé, oorun ti tán lójú aránṣọ. Ṣòkòtò kákí tí wọ́n bá fún wọn á fẹ̀ bí àpò ìrẹsì, gbogbo wọn ló sì máa fẹ́ ká bá àwọn dín in lọ́jọ́ kan náà. Máṣínnì ẹlẹ́sẹ̀ ni mo ní nígbà yẹn. Màá jókòó tì í di aago méjì òru, màá máa tẹ̀ ẹ́ lọ, kódà lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ò pọ̀. Ọkọ mi á ní, "Ìyá Ràṣídà, ṣé iṣẹ́ yìí ò lè dọ̀la ni?" Àwọn ará ọgbà wa ń pè mí ní aláápọn. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé ìgbà tí mo bá ń tẹ máṣínnì nìkan ni ara máa ń rọ̀ mí, pé bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀, tí mo wọ yàrá lọ dùbúlẹ̀, ó ti dé nìyẹn.

Kí ló dé? Inú ojúgun lọ́hùn-ún ni, níbi téèyàn ò lè fọwọ́ yún dé. Nígbà mìíràn á dà bíi pé ìjàlọ ń tò lọ nínú egungun. Nígbà mìíràn á dà bí ìgbà tí wọ́n bá ṣí ìgò mínírà, bó ṣe máa ń hó yẹn, àfi pé inú ẹsẹ̀ ló ti ń hó. Bí mo bá ní kí n mú un mọ́ra, á máa ga sí i, títí ẹsẹ̀ á fi ta gìrì fúnra rẹ̀. Bí mo bá dìde, tí mo rìn lọ síbi ìdáná, tí mo rìn padà, á rọlẹ̀. Màá tún dùbúlẹ̀. Kò ní pé ìṣẹ́jú márùn-ún, á tún dé. Ó di ìgbà tí ìrun àṣùbáà bá kù díẹ̀ kó tó fi mí sílẹ̀, kí n wá rí oorun wákàtí kan àbọ̀ sùn.

Ìyá mi ní orúkọ tirẹ̀ fún un. Nígbà tá a wà ní kékeré lágboolé wa ní Ìlọrin, bá a bá ti jẹun alẹ́ tán, á na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ẹní, á ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá o, ẹsẹ̀ mi ti jí." A óò máa rìn lórí ojúgun rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gba orí igi kọjá odò, èyí tó bá wúwo jù nínú wa ló sì máa ń fẹ́ kó pẹ́ jù níbẹ̀. A rò pé àgbà ló ń dé. Ìyá mi ò tíì pé ogójì ọdún nígbà yẹn.

Ní ọdún 2014 mo ra máṣínnì oníná. Inú mi dùn sí i, torí ó yára, kò sì fẹ́ kéèyàn lo agbára: téèyàn bá ti fi ìka ẹsẹ̀ kàn án, ó ti ń sáré. Kò pé oṣù méjì tí mo fi ń pariwo. Ẹsẹ̀ tó ti ń fi gbogbo alẹ́ rìn lórí máṣínnì àtijọ́ láìjẹ́ kí n mọ̀ kò wá ríbi rìn mọ́. Ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ yín.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ èdè, torí ibẹ̀ ni ọ̀nà ti kọ́kọ́ pín. Hausa ni dókítà tó rí mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èèyàn jẹ́jẹ́. Ó bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Mo ní, "Doctor, leg dey pain me." Kí ni ǹ bá sọ? Mo gbọ́ Hausa dé ìwọ̀n tí mo lè fi ná léèsì lọ́jà, mo sì ka ìwé níwọ̀n tèmi, àmọ́ "ciwo" ni mo mọ̀ lédè Hausa, "pain" ni mo mọ̀ lédè Òyìnbó, ohun tó sì ń ṣe mí kì í ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Bí mo ṣe pe "pain" báyìí, "pain" ló kọ sí káàdì. Gbogbo ẹni tó wá gba káàdì yẹn lẹ́yìn rẹ̀, "pain" náà ni wọ́n ń tọ́jú. Wọ́n fún mi lóògùn ìrora. Wọ́n ya fọ́tò orúnkún mi, orúnkún dáa. Wọ́n ní làkúrègbé ni. Wọ́n yẹ ṣúgà wò, kò sí níbẹ̀. Wọ́n wo PCV, ìyẹn àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pé tó lára, ó jẹ́ 36, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi pé. Ọ̀kan ní mo máa ń ronú jù.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé èdè wa ti ya nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ ilé ìwé ìṣègùn. Ẹsẹ̀ tó ń roni yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ tó ń tani, èyí tó ń tani yàtọ̀ sí èyí tó kú, èyí tó kú yàtọ̀ sí èyí tí iṣan fà, gbogbo wọn sì yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ tí nǹkan ń rìn nínú rẹ̀ tí kò jẹ́ kéèyàn lè gbé e sójú kan. Aláìsàn tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ fún yín. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ ò bá gbọ́ èdè rẹ̀, ẹ pe nọ́ọ̀sì tó gbọ́ ọ wá, ì báà jẹ́ Yorùbá, Hausa tàbí Gbagyi, kẹ́ ẹ tó kọ "pain" síwèé.

Ohun mìíràn tún wà tó ń ṣi yín lọ́nà. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo máa ń dé ọ̀dọ̀ yín, ẹsẹ̀ mi ti sùn nígbà yẹn. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ẹ ó fi òòlù kékeré yẹn kan orúnkún, ẹ ó wò ó bóyá ó wú. Kò wú, kò pọ́n, kò kú. Alẹ́ ni àrùn yìí ń jáde, àárọ̀ lẹ sì ń ṣọ́ ọ. Kò sí fọ́tò tó lè yà á, kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè dárúkọ rẹ̀. Ẹnu aláìsàn nìkan lẹ ti lè gbọ́ ọ.

Mi ò fẹ́ pẹ́ lórí ibi tí mo tún lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní mo ti tẹ nǹkan lójú ọjà. Mo gba hàńtú, mo mu ún. Mo ra róòbù oríṣiríṣi. Èyí tó pa mí lára jù nínú gbogbo rẹ̀ ni kóró kékeré tí gbogbo wa ń pè ní Piriton, tí mo máa ń rà ní kẹ́mísì kí n lè rí oorun sùn. Bí mo bá lo ọ̀kan, ẹsẹ̀ á jí ju tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rò pé kò tó ni, mo wá ń lo méjì.

Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá ọdún 2023, iná lọ. Ọmọbìnrin kan wá gba ṣòkòtò kákí rẹ̀. Dókítà ni, ó ti jáde ní kámpù, wọ́n sì ti fi í sí ilé ìwòsàn kan nínú Àbújá níbí láti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Bọ́tìnnì kan ló kù, mo ní kó jókòó kí n fọwọ́ rán an. Ibi máṣínnì àtijọ́ tó wà ní kọ̀rọ̀ ni mo jókòó sí. Mò ń rán bọ́tìnnì lọ, ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ sí mi kí n lè rí i dáadáa, ló bá dákẹ́. Ó ní, "Màmá, kí lẹ̀ ń rán?"

Mo wo ibi tó ń wò. Ẹsẹ̀ mi ń tẹ máṣínnì. Táyà rẹ̀ ń yí, abẹ́rẹ́ ń lọ sókè sódò, kò sí òwú nínú rẹ̀, kò sí aṣọ lábẹ́ rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Mi ò rán nǹkan kan, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ mi ló jí."

Ó ní, "Ẹ sọ ọ́ fún mi bó ṣe ń ṣe yín, ẹ má fi Òyìnbó sọ ọ́." Mo sọ ọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ ka àwọn ìbéèrè náà bó ṣe bi mí gẹ́lẹ́. Ó ní: ṣé nǹkan tó ń ṣe ẹsẹ̀ yín yìí máa ń fipá mú yín láti gbé e, débi pé ẹ ò ní lè dúró? Ó ní: ṣé ìgbà tẹ́ ẹ bá jókòó tàbí tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ tàbí kó le sí i? Ó ní: tẹ́ ẹ bá dìde, tẹ́ ẹ rìn, tàbí tẹ́ ẹ na ẹsẹ̀, ṣé ó máa ń dín kù, ó kéré tán níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣì ń rìn? Ó ní: ṣé ìrọ̀lẹ́ àti òru ló máa ń le jù, àbí ìgbà tó bá wù ú ló ń dé? Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, òru ni. Ó ní ìkarùn-ún wà, àmọ́ dókítà ló máa bi ara rẹ̀: ṣé nǹkan mìíràn kọ́ ló fara jọ ọ́? Ó fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ mi wò bóyá omi wà níbẹ̀. Ó ní ti ẹni tí iṣan máa ń fà, ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ á le bí òkúta, á sì dùn ún gan-an. Ti ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti ba iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ á kú tàbí kó máa jó o bí ata tọ̀sán-tòru, rírìn kì í lé e lọ. Orúnkún tó ti gbó sì rèé, rírìn ló ń mú un le sí i. Tèmi ò jọ ìkankan nínú wọn.

Ó wá pe orúkọ rẹ̀: Restless Legs Syndrome, àrùn ẹsẹ̀ tí kì í sinmi. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀yìn risíìtì ṣọ́ọ̀bù mi ló kọ ọ́ sí, ó sì wà lọ́wọ́ mi di òní.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kà nípa rẹ̀, èmi àti ọmọ mi. Àrùn yìí ti pẹ́ láyé. Dókítà ará Ìlú Ọba kan, Thomas Willis, ti kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1672, nípa àwọn tí ẹsẹ̀ wọn máa ń ta lórí ibùsùn tí wọn ò sì lè sùn. Ní 1945, Karl-Axel Ekbom ní Sweden kọ odindi ìwé lé e lórí, òun ló sì fún un lórúkọ tí wọ́n fi ń pè é di ìsinsìnyí. Ní 2003, àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé fẹnu kò sórí ìbéèrè mẹ́rin yẹn, nígbà tó sì di 2014 wọ́n fi ìkarùn-ún tì í. Ohun tó wà nílẹ̀ fún gbogbo dókítà ni, kì í ṣe àṣírí. Ohun tó sì dun mí nìyẹn.

Ọmọ yẹn bi mí bóyá ẹnì kan nílé wa ní irú rẹ̀. Mo sọ ti ìyá mi fún un, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ìyá yín ti fún mi ní ẹ̀rí mìíràn kún mẹ́rin yẹn. Ó ní ó máa ń rìn nínú ẹbí gan-an. Ó bi mí ní oògùn tí mò ń lò, mo dárúkọ Piriton. Ó ní kí n jù ú nù lálẹ́ yẹn. Ó ní oògùn ara yíyún tó ń muni tòògbé, àti metoclopramide tí wọ́n fi ń dá èébì dúró, àti ọ̀pọ̀ lára oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, bí amitriptyline, lè mú ẹsẹ̀ yìí burú sí i. Ẹ wò ó, ẹ̀yin dókítà: ẹni tí kò rí oorun sùn ló máa ń wá bá yín, oògùn oorun lẹ sì máa kọ fún un. Ẹ kọ́kọ́ béèrè nípa ẹsẹ̀.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ló ní kí n lọ ṣe: ferritin, èyí tó ń sọ bí èròjà iron tí ara fi pamọ́ ṣe pọ̀ tó. Ó ní PCV ò lè sọ ọ́ fún wa, torí ẹ̀jẹ̀ lè pé lójú PCV kí èròjà iron tó wà nípamọ́ nínú ara ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àti pé nínú ọpọlọ gan-an ni àìtó iron yìí ti ń ṣiṣẹ́, tó ń da dopamine rú, ìyẹn èròjà tí ọpọlọ fi ń darí bá a ṣe ń gbé ẹsẹ̀ gbé apá. Ó ní kí n lọ láàárọ̀ láìtíì jẹun, kí n má sì lọ nígbà tí ibà bá ń ṣe mí, torí ibà àti àwọn àìsàn míì bẹ́ẹ̀ máa ń gbé iye ferritin sókè lọ́nà ẹ̀tàn. Èsì dé, 19 ni. Lábù kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé ó wà níbi tó yẹ, torí 15 ni tiwọn ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti fẹ́ máa lọ sílé. Òun ló ní rárá, pé fún ẹni tó ní àrùn yìí, bó bá jẹ́ 75 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ ká fún un ní iron. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ sàmì sí ibí yìí. Ìwé lábù máa sọ fún yín pé kò síṣòro, ẹ máa gbà á gbọ́, aláìsàn á sì padà sílé lọ máa rìn lóru.

Mo ń lo iron náà ní òfìfo inú, mo ń fi omi ọsàn mu ún, mo ń gbé tíì àti mílíìkì jìnnà sí i. Kò ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ kan, kò ṣiṣẹ́ lóṣù kan. Oṣù kẹta ni mo sùn láti aago mọ́kànlá di ìgbà tí wọ́n pe ìrun. Ó ṣì máa ń wá láwọn alẹ́ kan, mi ò ní parọ́ fún yín, àmọ́ kì í ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ará ilé kan bá ka lẹ́tà yìí, kó má lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ o. Àyẹ̀wò ló máa ń ṣáájú, torí iron tó bá pọ̀ jù léwu, pàápàá fún àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ léraléra. Fún àwọn tí iron nìkan ò bá tó, oògùn wà. Ọmọ yẹn sọ fún mi pé gabapentin àti pregabalin ni wọ́n ń kọ́kọ́ ronú sí báyìí, pé àwọn bíi pramipexole tí wọ́n máa ń fún wọn tẹ́lẹ̀ máa ń dáa lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tó bá yá àrùn á wá máa tètè dé lọ́sàn-án, á sì gun apá. Ẹ̀yin lẹ mọ ìyẹn jù mí lọ.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ báyìí. Nígbà tí oyún Ràṣídà ọmọ mi pé oṣù mẹ́jọ, ọkọ rẹ̀ á ta jí lóru nílé wọn ní Lugbe, á bá a nínú pálọ̀ tó ń rìn láti ògiri dé ògiri, ọwọ́ ní ìbàdí. Níbi ìtọ́jú aláboyún, wọ́n ní gbogbo aboyún ló máa ń ṣe. Òótọ́ ni pé oyún máa ń jí i, tí oyún bá ti dàgbà, nǹkan bí ẹnì kan nínú aboyún márùn-ún ló máa ń ní in. Àmọ́ pé ó pọ̀ kò sọ pé kí wọ́n má tọ́jú rẹ̀. Mo bi ọmọ mi ní ìbéèrè mẹ́rin yẹn lórí fóònù, mo sì ní kó lọ yẹ ferritin wò. Ó lọ sílẹ̀ ju tèmi lọ. Wọ́n fún un ní iron, ó bímọ láyọ̀, kò sì tó oṣù kan lẹ́yìn ìbímọ tí ẹsẹ̀ fi í sílẹ̀. Ẹ wo bó ṣe yá tó.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn tí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Àrùn yìí wọ́pọ̀ láàárín wọn ju tàwa yòókù lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ máa ń ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ fún bí wákàtí mẹ́rin kí ẹ̀rọ fi fọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹni tẹ́ ẹ bá rí tó ń ṣí ẹsẹ̀ kiri lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, tó ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ yọ òun, ẹ má bínú sí i. Ẹ bi í.

Mo ti kọ ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí pépà ní Yorùbá. Oníbàárà mi kan tó jẹ́ olùkọ́ ti bá mi kọ ọ́ ní Hausa. Bí ẹ̀ka kan nínú yín bá fẹ́ ẹ láti lẹ̀ mọ́ ògiri ibi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró, tàbí láti fi sínú káàdì aláboyún, màá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọṣẹ́ lẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde.

Ìyá mi ti wà lọ́dọ̀ mi láti ìgbà Iléyá. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò sì sí ọmọdé nílé mi tó lè rìn lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mo máa mú un wá. Kò gbọ́ Òyìnbó, kò gbọ́ Hausa. Bẹ́ ẹ bá bi í pé kí ló ń ṣe é, á ní ẹsẹ̀ òun ń jí. Èmi ni màá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti túmọ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ràṣídà, aránṣọ,
Kubwa, Àbújá.